Ìmọ́lẹ̀ Ni À Ń Yà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Iṣẹ́ Ayàwòrán Sinimá

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ojúgbà mi nídìí iṣẹ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí ń wù, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí níbikíbi tí mo bá ti sọ̀rọ̀ lórí fíìmù yíyà ni pé, "Kámẹ́rà wo ni kí n rà?" Mi ò bínú sí ìbéèrè náà, nítorí owó lèèyàn fẹ́ ná, kò sì fẹ́ kó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń fi ṣáájú. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé kámẹ́rà kò rí èèyàn, kò rí ilé, kò rí igi. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé èèyàn, tó bà lé ilé, tó sì ta padà wá sínú lẹ́ǹsì, òun nìkan ni kámẹ́rà rí. Bí ẹ bá ti gba ọ̀rọ̀ yìí dénú, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ti ń dà yín láàmú nínú iṣẹ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yé yín: ìdí tí yàrá tó dára lójú wa fi máa ń di rúdurùdu nínú fíìmù, ìdí tí ojú òṣèré kan fi wú tí ti ẹnì kejì rí bó ṣe yẹ, àti ìdí tí adúláwọ̀ fi máa ń sọnù sínú òkùnkùn lọ́wọ́ ayàwòrán tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kò sí àwòrán tó ń rìn. Fọ́tò tó dúró sójú kan ni gbogbo wọn, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, wọ́n sì yára débi pé ojú wa so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Lọ́dún 1878, Eadweard Muybridge to ọ̀pọ̀ kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan ní Palo Alto, ní California. Bí ẹṣin ṣe ń sáré kọjá ló ń já okùn tín-ínrín tí wọ́n nà sójú ọ̀nà, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan sì ń ya tirẹ̀. Àwọn fọ́tò yẹn ló jẹ́ kó dájú pé ìgbà kan wà nínú eré ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í kan ilẹ̀ rárá, ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń jẹ́ Auguste àti Louis Lumière gbé ẹ̀rọ tiwọn lọ sí Grand Café ní Paris, wọ́n sì fi fíìmù han àwọn tó sanwó wọlé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ló ń yà á, òun ló ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀, òun náà ló ń gbé e sójú aṣọ funfun.

Nígbà tí ohùn wọ inú sinimá ní ìparí àwọn ọdún 1920, fọ́tò 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló di òṣùwọ̀n, torí ohùn tí wọ́n tẹ̀ sára fíìmù kò ṣeé gbọ́ bí eré rẹ̀ bá ń yí padà. Òun la ṣì ń lò dòní. Láàárín fọ́tò kan sí èkejì, ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa níwájú fíìmù, gbọ́dọ̀ pa kí fíìmù tó sún síwájú. Àṣà iṣẹ́ yìí ni pé kó ṣí fún ìdajì àkókò, kó pa fún ìdajì, èyí tó túmọ̀ sí pé fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ fún 1/48 ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín ìwọ̀n àkókò yẹn, ọwọ́ tó ń jù á fẹ́ díẹ̀, kò ní mú ketekete. Fífẹ́ díẹ̀ yẹn gan-an ló ń mú kí ìrìn rí bí ìrìn. Nígbà tí ẹ bá fi fóònù ya fíìmù nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún un, yóò bá sáré pa ṣọ́tà, ó lè dé 1/1000 tàbí kó kéré sí i. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan á mú, ṣùgbọ́n ìrìn òṣèré á máa já gẹgẹgẹ. Òǹwòran kò ní mọ ohun tó ṣe é, ojú á kàn máa ro ó. Ojútùú rẹ̀ kò le: gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ni ẹ ó fi bo lẹ́ǹsì, ẹ ó wá fi ọwọ́ yín gbé ṣọ́tà sórí 1/48 tàbí 1/50. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná rẹ̀ bá jẹ́ 50 Hz, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ mú 1/50, kí gílóòbù má baà máa ṣẹ́jú nínú àwòrán.

Ó tó nídìí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká wá ìmọ́lẹ̀ lọ.

Àbúrò mi tó jókòó níwájú yìí, jọ̀ọ́, bá mi wá jókòó sórí àga yìí. Ẹ bá wa pa iná gbọ̀ngàn. Iná kan ṣoṣo ló kù, gílóòbù kékeré tó wà lọ́wọ́ mi yìí, kò sí nǹkan tó bò ó. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, mo kọ ọ́ sí i tààrà. Ẹ wò ó. A rí i dáadáa, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ibi tó jìn, kò sí ibi tó yọ. Mo wá ń gbé iná lọ sápá òsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ìlàjì ọ̀nà sí etí, òjìji imú ti nà dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta ló ṣẹ́ kù lábẹ́ ojú níbẹ̀. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ síta. Mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ etí pátápátá: ìdajì ojú wà, ìdajì ti lọ. Mo gbé e lọ sẹ́yìn rẹ̀: etí irun àti èjìká nìkan ló kù. Mo gbé e sísàlẹ̀ àgbọ̀n: mo rí i pé àwọn kan nínú yín ti sún sẹ́yìn lórí ìjókòó. Àbúrò mi kò ṣe nǹkan kan o. Kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Iná nìkan ló rìn, a sì ti rí èèyàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ tún wo èyí. Mo padà gbé iná sápá òsì, ṣùgbọ́n dípò kí n kọ ọ́ sí i, mo kọ ọ́ sí aṣọ funfun ńlá tí a fi kọ́ síbẹ̀ yẹn. Aṣọ yẹn ló wá ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lára báyìí. Ibi tí òjìji imú ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọ inú òkùnkùn díẹ̀díẹ̀. Gílóòbù kan náà ni, agbára rẹ̀ tilẹ̀ ti dín kù. Ohun tó yí padà ni bí orísun ìmọ́lẹ̀ náà ṣe tóbi tó lójú ẹni tó jókòó. Orísun kékeré ń ṣe ìmọ́lẹ̀ líle, orísun ńlá ń ṣe ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀. Oòrùn tóbi ju ayé lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n jíjìn rẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun kékeré lójú sánmà, ìdí nìyẹn tí òjìji ọ̀sán fi máa ń mú. Bí ìkùukùu bá bò ó, gbogbo sánmà di fìtílà, òjìji á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Subrata Mitra, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà. Kò tíì fi kámẹ́rà sinimá ṣiṣẹ́ rí nígbà tí Satyajit Ray ní kó ya fíìmù òun àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 21 ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù kejì, Aparajito, tó jáde lọ́dún 1956, ìran inú àgbàlá ilé kan ní ìlú Benares wà níbẹ̀. Àgbàlá tí kò ní òrùlé ni, ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà ló ń wọ ibẹ̀. Ìbẹ̀rù òjò kò jẹ́ kí wọ́n lè kọ́ ọ síta, inú ilé ìyàwòrán ní Calcutta ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ní ayé ìgbà yẹn, iná líle ni wọ́n ì bá gbé kọ́ sókè, òjìji méjì mẹ́ta ì bá sì máa tẹ̀ lé òṣèré kiri, ohun tí kò sí nínú àgbàlá gidi. Mitra na aṣọ funfun bo òkè àgbàlá náà, ó to iná sísàlẹ̀, ó kọ gbogbo wọn sókè sí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà wá sílẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ sánmà. Àwọn tó wo fíìmù náà gbà pé inú ilé gidi ni wọ́n ti yà á. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ló wá. Ó wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe níbi tó ti ń ṣe é fúnra rẹ̀, ó wá wá ohun tó wà nílẹ̀ láti fi ṣe irú rẹ̀.

Jíjìn iná náà ní òfin tirẹ̀, òfin yìí kò sì ṣojúsàájú ẹnikẹ́ni. Bí iná kékeré bá wà ní mítà 1 sí òṣèré, tí ẹ gbé e lọ sí mítà 2, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kù lára rẹ̀, kì í ṣe ìdajì. Ní mítà 3, ìdá mẹ́sàn-án ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí wúlò fún. Bí ẹ bá fẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn òṣèré ṣókùnkùn, ẹ má lọ máa fi aṣọ dúdú bo ògiri. Ẹ gbé iná sún mọ́ òṣèré gan-an. Ìmọ́lẹ̀ á tó o, kò sì ní ṣẹ́ kù tó bẹ́ẹ̀ fún ògiri. Bí òṣèré bá sì ní láti rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì kí ojú rẹ̀ má yí padà, ẹ gbé iná jìnnà, kí ẹ fi èyí tó lágbára rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa ra iná kún iná.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé iṣẹ́ ayàwòrán ni kí gbogbo nǹkan hàn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ náà ni kéèyàn pinnu ohun tí kò ní hàn. Nígbà tí Gordon Willis ń ya The Godfather, tó jáde lọ́dún 1972, òkè orí gan-an ló gbé iná sí nínú yàrá iṣẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọ̀daràn tí Marlon Brando ṣe. Òjìji iwájú orí bo kòtò ojú rẹ̀, a kì í sì í rí ẹyinjú rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn kan fajú ro, wọ́n ní ó ṣókùnkùn jù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ ohun tó ń rò ni ìtàn náà sọ pé ó jẹ́. Bí Willis bá tan iná sí ẹyinjú yẹn, a ó mọ èrò rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ á sì tán lára wa. Nígbà tí ẹ bá ń ka ìwé eré, ẹ má bi ara yín pé ibo ni a ó gbé iná sí nìkan. Ẹ bi ara yín pé kí ni òǹwòran kò gbọ́dọ̀ tíì mọ̀ níbi tí ìtàn dé yìí.

Ìmọ́lẹ̀ tó kéré gan-an náà ní ìnira tirẹ̀. Nínú Barry Lyndon, tó jáde lọ́dún 1975, olùdarí eré Stanley Kubrick fẹ́ kí wọ́n ya àwọn ìran kan pẹ̀lú iná àbẹ́là nìkan. John Alcott ló ya fíìmù náà, lẹ́ǹsì Zeiss kan tí wọ́n ti ṣe fún àjọ NASA tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò, ihò rẹ̀ jẹ́ f/0.7; bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó. Ihò tó tóbi báyẹn ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú nínú àwòrán kì í ju ibi tóóró kan lọ. Bí òṣèré bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, fókọ́ọ̀sì ti sọnù. Wọ́n ní láti gbé kámẹ́rà fídíò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣèré, kí ẹni tó ń ṣe fókọ́ọ̀sì lè máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bóyá ó ti kúrò lójú kan. Ìdí tí àwọn èèyàn inú ìran wọ̀nyẹn fi jókòó jẹ́ẹ́ nìyẹn, ó sì bá ìgbà tí ìtàn náà dá lé mu.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ awọ ara, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti dùn mí jù lọ.

Fíìmù kò fìgbà kan rí ní ojú tó dọ́gba. Fíìmù ayé àtijọ́ kò rí àwọ̀ pupa rárá: ètè tó pọ́n máa ń jáde ní dúdú, sánmà aró máa ń jáde ní funfun, títí tí fíìmù tó ń rí gbogbo àwọ̀ fi gbòde láàárín àwọn ọdún 1920. Nígbà tí fíìmù aláràbarà dé, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfíìmù, kí wọ́n fi tún ẹ̀rọ wọn tò. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí awọ ara Shirley bá ti jáde bó ṣe yẹ, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ti tọ́. Kò sí adúláwọ̀ lórí káàdì náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, tí wọ́n bá ya ọmọ dúdú àti ọmọ funfun pọ̀ nínú fọ́tò ilé ìwé, ti funfun á jáde dáadáa, eyín àti ẹyinjú nìkan ni wọ́n á rí lára èkejì. Nígbà tí olùdarí eré Jean-Luc Godard lọ ṣiṣẹ́ ní Mòsáḿbíìkì ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó kọ̀ láti lo fíìmù Kodak, ó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni fíìmù náà. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Kodak sọ lẹ́yìn náà pé àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi ló fi ariwo mú kí ilé iṣẹ́ náà tún fíìmù rẹ̀ ṣe, torí gbogbo igi àti gbogbo ṣokoléètì ń jáde lọ́nà kan náà nínú fọ́tò ìpolówó wọn. Ó ń dùn mí pé ẹkún àwọn ìyá tí wọn ò rí ojú ọmọ wọn nínú fọ́tò kò tó ohun tí wọ́n ń gbọ́.

Kámẹ́rà òde òní ti kúrò níbẹ̀. Èyí tó dára nínú wọn lè gba ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po méjì méjì lọ́nà 14, láti ibi tó ṣókùnkùn jù dé ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Àìmọ̀ọ́ṣe ayàwòrán ló kù. Kámẹ́rà tó bá ń ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀ gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, dà bí àwọ̀ eérú. Ẹ gbé adúláwọ̀ síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á rí ògiri, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á pa ihò rẹ̀ dé, ojú ẹni náà á sì lọ sínú òkùnkùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á da iná sí i lójú. Àṣìṣe ńlá ni. Iná tó ń bà lé ojú òṣèré ń bà lé ògiri náà, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì dín kù.

Àbúrò mi, má tíì dìde. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀ nísinsìnyí tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ara aṣọ funfun wá. Ìlà dídán kan wà tó ti iwájú orí gba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ imú. Dídán yẹn kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Aṣọ funfun la ń rí lára rẹ̀, bí a ṣe ń rí i nínú jígí. Awọ ara tó dúdú ń mu púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e, nítorí náà dídán ojú rẹ̀ ló ń sọ fún wa bí ojú náà ṣe rí. Bí mo bá padà lo gílóòbù láìbò ó, dídán náà á di tóró-tóró funfun lórí imú àti lórí iwájú orí, ibi yòókù á ṣókùnkùn. Pẹ̀lú aṣọ ńlá, dídán náà gùn, ó fẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé bí egungun ṣe lọ. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni: kí ni a fẹ́ kó hàn lójú ẹni yìí? Pátákó funfun ni àbí fèrèsé? Ó wà lápá ibo? Ó gùn tó báwo? Ẹ sọ fún ẹni tó ń kun òṣèré lójú pé kó má fi pọ́dà gbígbẹ pa gbogbo dídán yẹn. Ìpara díẹ̀ ló dára.

Ẹ jẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn ní àwọ̀, kó sì rẹlẹ̀ sí ojú nínú ìmọ́lẹ̀. Bí aláwọ̀ funfun àti adúláwọ̀ bá jọ jókòó sí tábìlì kan, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára ẹni àkọ́kọ́ lè tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹnì kejì. Ẹ gbé ẹni tó dúdú sápá fèrèsé, kí ẹ na aṣọ dúdú tín-ínrín sójú iná tó ń lọ sára aláwọ̀ funfun náà. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má fi ipá mú kí ojú méjèèjì rí bákan náà. Dúdú gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú. Ẹni tí ẹ bá tan iná sí títí tó fi di eérú, ẹ ti gba àwọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ Bradford Young, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, bó ṣe máa ń jẹ́ kí èèyàn dúdú jókòó nínú òjìji láìsọnù. Ẹ má gbàgbé Remi Adefarasin náà, tí wọ́n bí ní London, tó gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA fún yíya Elizabeth tó jáde lọ́dún 1998. Ojú funfun ló pọ̀ nínú fíìmù yẹn, ọwọ́ tó mọ ìmọ́lẹ̀ ló yà á.

Mo ṣèlérí pé n ó sọ ìdí tí ojú fi máa ń wú. Kì í ṣe ẹ̀bi lẹ́ǹsì bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Bí kámẹ́rà bá wà ní ìdajì mítà sí ojú, imú sún mọ́ ọn gan-an ju etí lọ, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Ẹ sún kámẹ́rà dé mítà 2, ìyàtọ̀ àárín imú àti etí kò ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Jíjìn ló ń ṣe é. Lẹ́ǹsì kàn ń pinnu bí ohun tí yóò wọ inú àwòrán ṣe pọ̀ tó láti ibi tí ẹ dúró sí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ yín wá ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí, kí ẹ tó mú lẹ́ǹsì.

Àṣà kan wà lóde báyìí tí mi ò fara mọ́: kí gbogbo ẹ̀yìn òṣèré fẹ́ títí tí a kò fi mọ ibi tó wà. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ yàrá di òfo. Ayàwòrán Gregg Toland ṣe òdì kejì rẹ̀ nínú Citizen Kane, tó jáde lọ́dún 1941. Ẹni tó wà níwájú lẹ́ǹsì mú, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn lọ́hùn-ún náà mú, òǹwòran ló ń yan ẹni tó fẹ́ wò. Iṣẹ́ ńlá ni, torí ihò lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ kéré. Láti f/2 sí f/2.8, sí f/4, sí f/5.6, sí f/8, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní f/2 lọ sí f/8 ní láti wá ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 16.

Lórí kí kámẹ́rà máa rìn, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Karl Freund ti so kámẹ́rà mọ́ ara rẹ̀ rìn kiri lọ́dún 1924 ní Jámánì, Garrett Brown sì ṣe Steadicam, tó kọ́kọ́ hàn nínú sinimá lọ́dún 1976, tí ayàwòrán fi lè máa sáré gun àtẹ̀gùn láìjẹ́ kí àwòrán gbọ̀n. Lónìí, ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ fóònù ń ṣe irú rẹ̀. Rírọrùn tó rọrùn ló sọ ọ́ di àmúlò lásán. Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà, ẹ sọ fún olùdarí eré ohun tí ìrìn náà fẹ́ fi hàn tí ìdúró kò lè fi hàn. Bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá rí i sọ, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni èyí tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́: "Ẹ má ṣèyọnu, a ó tún un ṣe tí a bá ń to fíìmù pọ̀." Àwọn nǹkan kan ṣeé tún ṣe lóòótọ́. Àwọ̀ tó ṣì díẹ̀ ṣeé tún ṣe. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé gbé sókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wóró-wóró á yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọjá ohun tí kámẹ́rà lè gbà, funfun lásán ló wà níbẹ̀. Kò sí sánmà, kò sí ìkùukùu, kò sí iṣẹ́ ara aṣọ tí olóòtú lè fà yọ. Pẹ̀lú fíìmù àtijọ́, òjìji la máa ń ṣọ́. Pẹ̀lú kámẹ́rà òde òní, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni kí ẹ ṣọ́. Nítorí náà, bí òṣèré bá jókòó síwájú fèrèsé ní ọ̀sán gangan, ẹ má tẹ kámẹ́rà kí ẹ máa retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹ fa kọ́tìnnì, tàbí kí ẹ fi gíláàsì dúdú lẹ ojú fèrèsé, tàbí kí ẹ gbé pátákó funfun sún mọ́ ojú òṣèré. Bí ìkankan nínú wọn kò bá sí, ẹ yí àga padà kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àga yíyí kò gba kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń tó.

Ẹ ṣeun tí ẹ tẹ́tí sí mi. Ẹ bá wa tan iná gbọ̀ngàn, kí ẹni tó ní ìbéèrè na ọwọ́.